Ìdìbò ní Àwọn Abúlé Àyíká Ìbàdàn

Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin lára ẹkùn ìdìbò Àárín Gbùngbùn Ọ̀yọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ẹkùn náà yan Yunus Akíntúndé ti ẹgbẹ́ APC sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, Tinúbú ti ẹgbẹ́ kan náà sì borí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ìpínlẹ̀ yìí kan náà fi ìbò 563,756 dá gómìnà Ṣèyí Mákindé ti PDP padà sípò. Ènìyàn ni olùdìbò ń wò kí ó tó wo ẹgbẹ́. Àwọn olóṣèlú gan-an ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: Teslim Fọlárìn, tí APC fi dojú kọ Mákindé, ni PDP fà kalẹ̀ fún ipò gómìnà ní 2015. Òfin kò gba Mákindé láyè láti díje fún sáà kẹta ní 2027. Ìdìbò yẹn ni yóò fi hàn bóyá PDP ni àwọn àgbẹ̀ ń tẹ̀ lé, tàbí òun.