Rakeback: ènì tí wọ́n ń bù nínú owó oníbàárà

Kò sí ẹni tó lọ ra gàrí lọ́jà tí kì í retí ènì. Bí ìyá tó ń tà á bá ti wọn kóńgò rẹ̀ tán, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, inú oníbàárà yóò sì dùn. Inú gàrí ti ìyá náà ni ènì ọ̀hún ti wá, kì í ṣe inú àpò ẹni tó wá rajà. Ibi tó ti yàtọ̀ gédégédé sí ohun tí àwọn tó ń ta póókà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń pè ní rakeback nìyẹn. Ó sì yẹ kí òbí tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun mọ̀ ọ́n, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń pe rakeback ní iṣẹ́ tí èèyàn lè fi jẹun.

Tẹ́tẹ́ oníkáàdì ni póókà. Owó ara wọn ni àwọn tó ń ta á ń jẹ, onílé tẹ́tẹ́ kì í bá wọn ta. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa yọ díẹ̀ nínú owó tó wà nílẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní rake. Rakeback ni pé kó dá apá kan rake náà padà fún ẹni tó san án. Ilé-iṣẹ́ Full Tilt Poker, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ló sọ ìdá 27 nínú 100 di ohun tí gbogbo onípóókà mọ̀.

Àwọn tó mọ ayò ọlọ́pọ́n yóò tètè lóye póókà ẹlẹ́ni méjì. Ọ̀ta àti ọ̀pẹ̀ ló kojú ara wọn, àwọn yòókù ń wòran. Bí èèyàn mẹ́sàn-án bá yí tábìlì ká, èèyàn lè fẹ̀yìn tì kí àwọn tó kù máa fà á. Ti ẹlẹ́ni méjì kò rí bẹ́ẹ̀, eré kò ní yé kàn án. Eré á máa yá, rake á máa ga, rakeback náà á sì máa ga. Ohun tó ń fa àwọn ọmọ náà mọ́ra gan-an nìyí.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ẹni méjì tí ọwọ́ wọn dọ́gba ta eré 100. Nínú eré kọ̀ọ̀kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan fi dọ́là 20 sílẹ̀, ó sì san dọ́là 1 fún onílé. Bí kálukú bá jẹ 50, kò sí ẹni tó jẹ owó ẹnì kejì, ṣùgbọ́n kálukú ti san dọ́là 100. Wọ́n dá dọ́là 27 padà fún un, inú rẹ̀ dùn, kò rántí pé dọ́là 73 ti lọ. Dọ́là 146 wà lápò ẹni tí kò fọwọ́ kan káàdì.

Ká má parọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ń rí nǹkan níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ 52 nínú 100, tí ìbá pàdánù dọ́là 20, rakeback yóò sọ ọ́ di èrè dọ́là 7. Dọ́là 7, lẹ́yìn eré 100! Ọ̀pẹ̀ kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá ti tán, á bá tirẹ̀ lọ, á wá ku ọ̀ta pẹ̀lú ọ̀ta. Kọ̀ǹpútà gan-an ti di ọ̀ta. Ní January 2017, ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Libratus, tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Carnegie Mellon, bá àwọn ọ̀jáfáfá mẹ́rin ta póókà ẹlẹ́ni méjì yìí ní ìlú Pittsburgh. Lẹ́yìn eré 120,000, ó ti lù wọ́n bí ẹní lu bàrà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ló ń rí ojú ẹni tó ń bá ta?

Ènì yìí kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbà á. Ní 2015, PokerStars kéde pé òun yóò gé ohun tí òun ń dá padà fún àwọn tó ń ta jù. Àwọn onítẹ́tẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, pàbó ló já sí. Ti Full Tilt tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní April 15, 2011, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin gbé e. Nígbà tó di September ọdún náà, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní ó jẹ àwọn oníbàárà rẹ̀ káàkiri àgbáyé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 390 dọ́là, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 péré ló wà ní báńkì. Àti owó tí wọ́n fi ń ta, àti rakeback tí wọ́n tò jọ, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ há sí. Ọdún 2014 ni àwọn ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí tiwọn gbà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tẹ́tẹ́ ti 2005 fàyè gba ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18 láti ta á, nítorí náà kò sí ọlọ́pàá tí yóò bá òbí kankan dá ọmọ rẹ̀ lẹ́kun. Bí ọmọ bá wá pè láti Lọ́ńdọ̀n pé òun gba rakeback dọ́là 300 lóṣù yìí, kí bàbá rẹ̀ má tíì kí i kú oríire. Kó kọ́kọ́ bi í pé: "Èló lo san kí wọ́n tó dá ìyẹn padà?" Bó bá jẹ́ ìdá 27 nínú 100 ni, ó ti lé ní dọ́là 1,100.