Sáyẹ́ǹsì wà nídìí ìkòkò ọṣẹ ìyá àgbà

Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn láti jéléósinmi títí dé yunifásítì. Inú àwọn òbí kan á dùn sí i, nítorí lójú tiwọn, ọmọ tó bá ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ayékòótọ́ ló mọ̀wé. Bẹ́ẹ̀, ìjọba kan náà ló ń pariwo pé kí àwọn ọ̀dọ́ gbájú mọ́ sáyẹ́ǹsì.

Ìdí tí mínísítà sọ ni pé àwọn agbègbè tó ń lo èdè abínibí jù ni wọ́n ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò ná. Ìparí ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà náà. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní lọ́dún 2023 kò ní jókòó ṣe WAEC kó tó di 2035. Báwo wá ni ẹ̀bi ẹni tó fìdí rẹmi lọ́dún 2025 ṣe di ti ìlànà yìí?

Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò jìnnà sí ilé. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní iléèwé St. Stephen's 'A', ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, olùkọ́ tó dáńtọ́ nínú rẹ̀ ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ kejì lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, àwọn tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́fà ló ta àwọn yòókù yọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀! Fafunwa padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lọ́dún 1990, ó sì kú lọ́dún 2010.

Ẹ wo ìyá àgbà tó ń se ọṣẹ dúdú. Yóò sun èèpo kòkó títí tí yóò fi di eérú, yóò da omi sí i, yóò sẹ́ ẹ, yóò wá gbé omi eérú náà kaná pẹ̀lú àdín. Ó mọ ìgbà tí omi náà le tó, ó mọ ìgbà tí òróró ti di ọṣẹ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì níbi tó ti ń há saponification sórí, kò mọ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ìyá òun àgbà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni gàrí. Rírin ẹ̀gẹ́, fífi í sílẹ̀ kó kan àti yíyan án ló ń lé májèlé cyanide inú rẹ̀ lọ. Ọmọ tó ń yan gàrí lójoojúmọ́ kò gbọ́ èyí rí níléèwé.

Ìṣòro wà lóòótọ́. L'Ékòó, ọmọ Ègùn, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Yorùbá lè jọ wà nínú kíláàsì kan. Ìwé sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n àwáwí yẹn kò ta létí Ìdànrè tàbí Ìgbòhò, níbi tí olùkọ́ àtọmọ ti jọ ń sọ Yorùbá délé.

Kí ọ̀gá iléèwé tó bá wà nírú ìlú bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ pe ìyá ọlọ́ṣẹ kan wá sí kíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì, kó gbé eérú àti àdín rẹ̀ dání, kí àwọn ọmọ máa bi í léèrè bó ṣe wù wọ́n, ní èdè tó yé wọn. Kò sí pé wọ́n ń dúró de ìwé àṣẹ láti Àbújá kí wọ́n tó ṣe ìyẹn.