Ọjọ́ Orí Ìràwọ̀ Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Kékeré

Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni a kò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ gba ìwé ìdánimọ̀, akọ̀wé a kọ ọ́ pé a bí i "ní nǹkan bí ọdún 1950". Kí ó tó kọ ọ́, a ó ti béèrè àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú nígbà tí a bí i. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń ṣe lórí àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń wá ayé mìíràn lẹ́bàá wọn. Ẹni tí ó bá ṣi ọjọ́ orí ìràwọ̀ mọ̀, yóò ṣi ohun tí ó ń yí i ká mọ̀.

Ìràwọ̀ jẹ́ oòrùn tí ó jìnnà. Bí ilẹ̀ ayé ti ń yí oòrùn ká, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ayé mìíràn ń yí ìràwọ̀ ká. Ó ṣòro láti rí wọn, nítorí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ń bò wọ́n, bí iná ọkọ̀ ti ń bo iná tanátaná. Ṣùgbọ́n ayé tuntun dà bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná: ó ṣì gbóná, awò ńlá àwọn onímọ̀ sì lè rí ooru rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó ń tutù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá ìràwọ̀ tí ó kéré lọ́jọ́ orí, tí kò sì jìnnà púpọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Beta Pictoris, tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 20 ọdún. Oòrùn ti lé ní mílíọ̀nù 4500 ọdún. Ní ọdún 2008, Anne-Marie Lagrange, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ayé kan tí wọ́n rí lẹ́bàá ìràwọ̀ náà.

Ewu àṣìṣe hàn kedere lórí ìràwọ̀ mìíràn, Kappa Andromedae. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn rí ohun kan lẹ́bàá rẹ̀. Wọ́n ka ìràwọ̀ náà mọ́ ẹgbẹ́ kan tí ó tó mílíọ̀nù 30 ọdún, wọ́n sì ṣírò pé ohun náà wúwo tó Jupiter lọ́nà 13. Jupiter ni ayé tí ó tóbi jù lọ nínú àwọn tí ń yí oòrùn ká. Ní ọdún 2013, àwọn mìíràn ní ìràwọ̀ náà tó nǹkan bí mílíọ̀nù 220 ọdún. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun náà yóò wúwo tó Jupiter ní nǹkan bí ọ̀nà 50, kò sì ní jẹ́ ayé mọ́. Ìkòkò ńlá ni í pẹ́ kí ó tó tutù: ohun tí ó ti pẹ́, tí ó sì ṣì gbóná, ó ní láti tóbi. Ní ọdún 2016, àwọn kan wọn ìbú ìràwọ̀ náà gan-an. Ìṣirò wọn mú ọjọ́ orí rẹ̀ padà sí nǹkan bí mílíọ̀nù 47 ọdún, ìwúwo ohun náà sì di nǹkan bí ọ̀nà 22. Láàárín ọdún mẹ́rin, ohun tí ó wà lójú sánmà kò yí padà rárá. Ọjọ́ orí tí a kọ sílẹ̀ ni ó yí padà.

Báwo ni a ṣe ń mọ ọjọ́ orí náà? Èkíní, àwọn ìràwọ̀ tí a bí pọ̀ a máa rìn pọ̀. Gaia, ẹ̀rọ tí àwọn ará Yúróòpù rán lọ sí òfurufú ní ọdún 2013, ti wọn ìrìn ìràwọ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù 1000. Èkejì, lítíọ́mù, èròjà tí ó wà nínú bátìrì fóònù, wà nínú ìràwọ̀ pẹ̀lú. Àwọn ìràwọ̀ kéékèèké a máa jó tiwọn tán bí wọ́n ti ń dàgbà. Èyí tí ó ṣì ní púpọ̀, ọmọdé ni. Ẹ̀kẹta, ìràwọ̀ irú oòrùn a máa yí kíákíá ní èwe, a sì máa fa ẹsẹ̀ bí ó bá dàgbà. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo kò tó.

Ẹni tí ó ya àwòrán ayé tuntun ni a ń yìn; ẹni tí ó jókòó ti ìṣirò ọjọ́ orí kì í sábà gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lórí rédíò. Bẹ́ẹ̀ láìsí iṣẹ́ rẹ̀, àwòrán náà kò ní ìtumọ̀. Ó yẹ kí ìkéde kọ̀ọ̀kan sọ ọjọ́ orí ìràwọ̀, ọ̀nà tí a gbà mọ̀ ọ́n, àti ibi tí iyèméjì wà. "Ní nǹkan bí" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Akọ̀wé tí ó kọ ọ́ sínú ìwé àgbàlagbà sàn ju ẹni tí ó fi ọjọ́ èké dí àlàfo. Bí òǹkàwé bá tún gbọ́ pé a ti rí ayé tuntun, kí ó kọ́kọ́ béèrè: ọmọ ọdún mélòó ni ìràwọ̀ rẹ̀, àwọn wo sì ni ẹgbẹ́ rẹ̀? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.