Ọ̀sà Kọ́ Ni Òkun

Inú danfo la wà lórí afárá Third Mainland nígbà tí ọmọ kékeré kan nàka sí omi, tó bi ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, omi kí nìyí?" Ìyá ní, "Òkun ni." Kò sẹ́ni tó tún un ṣe nínú ọkọ̀, àwa náà dákẹ́. Ọ̀sà ni. Àwọn baba wa kò déédéé fún omi méjèèjì lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ilẹ̀ yí ọ̀sà ká, òkun ni èyí tí ojú kò rí òdìkejì rẹ̀.

A ò bá ìyá yẹn wí. Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a há orúkọ òkun sórí, Pacific, Atlantic, Indian, a gba máàkì, ó tán. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé Atlantic ojú pátákó yẹn náà ló ń lu etíkun Badagry. Nílé ńkọ́? "Má sún mọ́ òkun, á gbé ẹ lọ." Òótọ́ ni o, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa parí sí.

Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wo ni kò jẹ òkú Èkó rí? Ẹ mú Titus kan jáde nínú yìnyín, kí ẹ sọ fún ọmọ pé inú Atlantic kan náà ni wọ́n ti ń pa irú rẹ̀, lókè lọ́hùn-ún níbi tí òtútù wà, lápá Norway. Òjò tó ń rọ̀ n'Ìbàdàn pàápàá, orí òkun yẹn ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé ọ̀rinrin rẹ̀ wá.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára ni Ayétòrò, ìlú àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947. Òkun ti gba ilé àti òpópónà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ohun tí a fẹ́ kọ́ ọmọ Ayétòrò nípa òkun. Ọmọ Àkúrẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, ni kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń pín owó ìjọba.

Ìsinmi ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò nílé, ẹ mú wọn lọ sí etíkun, ẹ di ọwọ́ wọn mú gírígírí. Bí kò bá sówó ọkọ̀, ẹ po nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀, ṣíbí ńlá méjì, mọ́ lítà omi kan. Bí òkun ṣe níyọ̀ tó nìyẹn. Kí wọ́n tọ́ ọ wò, kí wọ́n tu ú dànù, kí wọ́n máa béèrè ìdí.

Ọmọ inú danfo yẹn ti bọ́ sílẹ̀ ní Adékúnlé kí a tó rí ẹnu sọ̀rọ̀.