Àlejò Tó Mọ Ìjáde
Àfikún inú ètò kọ̀ǹpútà dà bí àlejò: bí ó bá ṣubú, ilé kò gbọdọ̀ wó. A rí àpẹẹrẹ nínú QGIS, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí a fi ń ya àwòrán ilẹ̀. Kì í bi àfikún tí a fi Python kọ léèrè ìdílé rẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ló ń wá: classFactory fún ìwọlé, initGui fún gbígbé ẹrù kalẹ̀, unload fún kíkó ẹrù jáde. Python kì í yẹ̀ wọ́n wò ṣáájú: bí ọ̀kan bá sọnù, ìgbà tí a bá pè é la óò mọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Atakpamé tí ẹ fẹ́ ya àwòrán oko wa, ẹ pa àdéhùn kékeré yìí mọ́. Ẹni tó mọ ìwọlé gbọ́dọ̀ mọ ìjáde.