Fòníkú-fọ̀la-dìde: Ọ̀nà Ìtúpalẹ̀ àti Ọ̀nà Àwòpọ̀ Nínú Ìmọ̀ Ìlera

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ó sì ti ń wọ inú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn pẹ̀lú. Wọn a ní ìṣègùn òyìnbó ń gé ènìyàn sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n pé àwọn baba wa máa ń wo ènìyàn lódidi. Pé nísinsìnyí tí àwọn òyìnbó ti dá ẹ̀ka ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní systems biology sílẹ̀, ohun tí a ti mọ̀ tipẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà wá kó. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ó sì ní ibi tí òtítọ́ rẹ̀ mọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò di olùkọ́ kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ wọlé nítorí pé ó dùn, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá kan ẹ̀mí ọmọ tí yóò jókòó síwájú rẹ̀ nínú kíláàsì. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ ọ̀nà méjèèjì wò, kí a sì fi àìsàn kan tí kò ṣàjèjì sí wa ṣe àpẹẹrẹ, èyí nnì ni fòníkú-fọ̀la-dìde.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún wọn ní orúkọ. Èyí tí ó máa ń tú nǹkan sí wẹ́wẹ́ kí ó tó lè ṣàlàyé rẹ̀ ni a ó pè ní ọ̀nà ìtúpalẹ̀. Èyí tí ó ń wo bí àwọn wẹ́wẹ́ náà ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ ni a ó pè ní ọ̀nà àwòpọ̀. Kò yẹ kí ó ṣòro fún àwa tí a ń kọ́ni ní èdè. Kọ́ńsónáǹtì Yorùbá jẹ́ 18, fáwẹ̀lì àìránmúpè jẹ́ 7, ohùn jẹ́ 3. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lè mọ gbogbo wọn sórí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, síbẹ̀ kí ó má lè ki oríkì ìdílé rẹ̀. Èyí kò sọ ìmọ̀ fónọ́lọ́jì di ohun yẹpẹrẹ. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ ohùn tí ó wà láàárín igbá, igba àti ìgbà kò lè kéwì débi tí yóò yé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà ìtúpalẹ̀ ti ṣe bẹbẹ láyé. Òun ni Robert Koch gbà ní 1882 tí ó fi tọ́ka sí kòkòrò tí ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Lórí fòníkú-fọ̀la-dìde, iṣẹ́ rẹ̀ tún gbàyì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1910, dókítà James Herrick ní ìlú Chicago kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Grenada, ẹni tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé hẹmoglóbìn tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ènìyàn yòókù. Láti 1956 ni Vernon Ingram ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyàtọ̀ náà hàn gan-an: nínú okùn kan tí ásíìdì amino 146 so pọ̀ mọ́ra, ẹyọ kan péré ni ó yí padà. Ní ipò kẹfà, níbi tí ó yẹ kí glutamic acid wà, valine ni ó jókòó síbẹ̀. Ìyípadà kan yìí ni ó ń mú kí hẹmoglóbìn lẹ̀ mọ́ ara wọn nígbà tí wọ́n bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì a le, a tẹ̀, a sì dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ìrora tí ń mú ọmọ ké lóru kò ṣẹ̀yìn èyí. Kò sí àìsàn àjogúnbá tí a kọ́kọ́ tọpa rẹ̀ dé gbòǹgbò báyìí rí, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù. Bí ẹyọ kan ṣoṣo yìí bá ni gbogbo rẹ̀, kí ló dé tí ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jọ jẹ́ SS kò fi rí bákan náà? Ọ̀kan lè máa wọ ilé ìwòsàn ní oṣooṣù, kí èkejì kàwé, kí ó ṣiṣẹ́, kí ó sì dàgbà di arúgbó. Ìyípadà tí ó wà lára jíìnì wọn kò yàtọ̀ rárá. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé; jíìnì kan pàápàá kì í jẹ́ ẹ.

Ní 1948, Janet Watson, dókítà kan ní New York, ṣàkíyèsí pé àìsàn yìí kì í tètè hàn lára ọmọ jòjòló, ó sì ronú pé hẹmoglóbìn tí ọmọ ń lò nínú oyún ni ó ń dáàbò bò ó. Òótọ́ ni. Láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbí ni hẹmoglóbìn yẹn máa ń dín kù, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí tiwọn kì í lọ tán. Ní ìlà-oòrùn Saudi Arabia àti ní apá kan Íńdíà, a rí àwọn tí wọ́n jẹ́ SS tí hẹmoglóbìn ọmọ inú ṣì pọ̀ lára wọn, àìsàn náà kì í sì í sábà le koko lára wọn. Àwọn mìíràn jogún oríṣi thalassaemia kan mọ́ ọn, èyí tí ń yí bí àìsàn náà ṣe ń rìn padà. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ wá kúrò nínú jíìnì pátápátá: òùngbẹ, òtútù, àárẹ̀, òtútù àyà, ibà. Ọ̀rọ̀ ibà tilẹ̀ ní ìyanu tirẹ̀. Anthony Allison fi hàn ní 1954 pé ẹni tí ó jẹ́ AS ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà, ìdí sì nìyí tí jíìnì náà fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jogún S méjì, ibà gan-an ni ó tètè ń pa á. Báwo ni a ṣe fẹ́ ka jíìnì yìí sí ire tàbí ibi láìwo ẹ̀fọn, adágún omi àti iye S tí ọmọ jogún pọ̀?

Ẹ tún wo ti pẹnisílìn. Ní 1986, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọdé tí wọ́n jẹ́ SS ní pẹnisílìn lójoojúmọ́. Àkóràn burúkú láti ọwọ́ kòkòrò òtútù àyà dín kù ní ìdá 84 nínú 100. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan jíìnì kankan.

Níbí ni ọ̀nà àwòpọ̀ ti wọlé. Nígbà tí Leroy Hood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé ìwádìí wọn sílẹ̀ ní Seattle ní 2000, ohun tí wọ́n ń lépa ni bí jíìnì, purotéènì àti sẹ́ẹ̀lì ṣe ń dá ara wọn lóhùn, kí a sì fi ìṣirò àti kọ̀ǹpútà ṣe àfiwé rẹ̀. Tipẹ́ ṣáájú wọn, ní 1960, ni Denis Noble ti fi ìṣirò ṣàlàyé bí ọkàn ṣe ń lù. Ó hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé kò sí purotéènì kan tí ń dá lu ìlù náà. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ̀wọ́ dùndún rí yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: tú ìyáàlù sílẹ̀, tú gúdúgúdú sílẹ̀, wọn awọ, ka ọsán; ìwọ kò ì tíì gbọ́ ìlù. Nígbà tí wọ́n sì parí iṣẹ́ ńlá lórí jíìnì ènìyàn ní 2003, jíìnì tí wọ́n bá níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 20,000 lọ, èyí tí ó kéré gan-an sí iye tí ọ̀pọ̀ ń retí. Ọgbọ́n náà wà nínú ìlò wọn ju iye wọn lọ.

Síbẹ̀, àwọn tí ń fi ọ̀nà kan bú èkejì kò ka ìtàn yìí dé òpin. Ní 2007 àti 2008, àwọn olùwádìí tú gbogbo àkójọ jíìnì ọ̀pọ̀ ènìyàn wò láìsọ tẹ́lẹ̀ pé èyí ni àwọn ń fura sí. Jíìnì kan tí ń jẹ́ BCL11A ni ó yọjú, òun ni ó sì ń pa hẹmoglóbìn ọmọ inú dànù bí ọmọ ti ń dàgbà. Nígbà tí wọ́n mọ èyí tán, ọ̀nà ìtúpalẹ̀ ni wọ́n padà sí: wọ́n gé ibi kan péré lára DNA tí ń darí jíìnì yìí. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwòsàn náà ní oṣù kọkànlá 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ìwòpọ̀ ni ó fi ojú ibi tí a ó gé hàn. Gígé ni ó ṣiṣẹ́. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnìkan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi oògùn líle pa mùdùnmúdùn egungun aláìsàn. Ta ni yóò san án ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu? Owó náà wà lára ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń wo nǹkan lódidi wò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn baba wa. Àwọn kan ti ń kọ ọ́ báyìí pé fòníkú-fọ̀la-dìde ni àbíkú. Ní èrò tiwa, ìtúpalẹ̀ tí kò dára ni èyí. Ó dájú pé àwọn ọmọ SS wà lára àwọn tí a sọ ní Málọmọ́, Kòkúmọ́ àti Dúrójayé. Ṣùgbọ́n ibà, òtútù àyà àti ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ rẹpẹtẹ láyé ìgbà náà láìbéèrè jẹnotáìpù, ìgbàgbọ́ nípa àbíkú sì gbé ìbànújẹ́ ìyá àti ìlérí ìpadàbọ̀ tí kò sí nínú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan. Bákan náà ni kò tọ̀nà láti sọ pé systems biology ni babaláwo ń ṣe. Ìmọ̀ yẹn ń wọn nǹkan, ó ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, a sì lè fi hàn pé ó kùnà. Wíwo aláìsàn pẹ̀lú ará ilé rẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n gidi. Adeoye Lambo lò ó ní Arò, Abẹ́òkúta, láti 1954, níbi tí àwọn alárùn ọpọlọ ti ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn nítòsí, bí wọ́n ti ń gba oògùn ìgbàlódé. Ìtọ́jú lódidi ni ìyẹn. A kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ gbójú fo gbẹ́rẹ́ tí a sín sára àwọn tí a pè ní àbíkú, nítorí ojú ọgbẹ́ jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún àkóràn tí ara ọmọ SS kò lágbára láti lé jáde.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2006 pé nǹkan bí ìdá 24 nínú 100 àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó ní S kan lára, àti pé nǹkan bí 150,000 ọmọ SS ni a ń bí lọ́dọọdún. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà nínú kíláàsì yín. Ẹ̀kọ́ tí ó wọ́pọ̀ ní ilé-ìwé wa kò ju pé kí AS má fẹ́ AS lọ, kódà ìyẹn pàápàá ni a ń kọ́ ní àkọ́lùgbàgbé: àwọn òbí ṣì ń rò pé bí ọmọ kan bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e ti bọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ìdá kan nínú mẹ́rin náà ń bá wọlé lákọ̀tun.

Ẹ̀dọ̀ ọmọ tí a ti bí ńkọ́? Kíndìnrín ọmọ SS kì í lè fún ìtọ̀ pọ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa mu omi gan-an, yóò sì máa tọ̀ léraléra. Olùkọ́ tí kò mọ èyí yóò pè é ní alárìnkiri, yóò fún un ní pàṣán, yóò ní kí ó kúnlẹ̀ sínú oòrùn, tàbí kí ó sáré yí pápá ká nínú ọyẹ́. Gbogbo ohun tí ọ̀nà ìtúpalẹ̀ àti ọ̀nà àwòpọ̀ kọ́ wa lórí àìsàn yìí pàdé lórí ife omi kan.

Ìwé kíkà Yorùbá fún àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kún fún ìjàpá àti ọdún ìbílẹ̀, a kò sì sọ pé kí a yọ wọ́n. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ẹ̀ka wa kọ àyọkà méjì tàbí mẹ́ta tí ó ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀, àjogúnbá àti ibà ní Yorùbá tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì kó o lọ sí ibi ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ wọn ní sáà tí ń bọ̀.