Àwo Mónò ni Àbí Sítẹ́ríò? Ẹ Ṣí Etí Dáadáa Kí Ẹ Tó Sanwó!

Lẹ́tà télọ̀ kan ló wà níwájú mi lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní òun fẹ́ ra àwo àtijọ́ àwọn Beatles, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ará Liverpool nì, ṣùgbọ́n méjì ni ẹni tó ń tà á gbé kalẹ̀. Orin kan náà, páálí kan náà, ọ̀kan mónò, ọ̀kan sítẹ́ríò, mónò sì wọ́n ju èkejì lọ. Ó ní ṣé kì í ṣe jìbìtì nìyẹn? Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ní ìdí.

Mónò ni pé wọ́n po gbogbo ohùn pọ̀ sójú kan. Bí ẹ tilẹ̀ ní spíkà méjì, ohun kan náà ni méjèèjì ń sọ. Sítẹ́ríò ní tirẹ̀, ọ̀nà méjì ni: ìlù lè wà lósì, gìtá lọ́tún, kí akọrin wà láàárín, bí ìgbà tí àwọn onílù tò síwájú yín lóde ìnáwó. Ẹ ó ní sítẹ́ríò ló dáa jù nìyẹn. Ẹ fara balẹ̀ ná.

Lọ́dún 1963 tí Beatles ṣe àwo wọn àkọ́kọ́, Please Please Me, ọ̀nà méjì péré ni ẹ̀rọ tí EMI fi gbà á sílẹ̀ ní London ní. Wọ́n kó ohùn ẹnu sí ọ̀kan, wọ́n kó ohun èlò sí èkejì, kí wọ́n lè rí wọn pò dáadáa di mónò. Ìgbà tó wá di sítẹ́ríò, ohùn ẹnu já sí ọ̀tún, ìlù àti gìtá já sí òsì. Ẹ̀yin tí spíkà kan ti kú ní ṣọ́ọ̀bù yín (ẹ má jiyàn, ẹ pọ̀!), bó bá jẹ́ tọ̀tún ló kú, ńṣe ni Beatles á máa kọrin bí ẹni tó wà nílé kejì.

Sgt. Pepper's ọdún 1967 ló yà mí lẹ́nu jù. Mónò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, nítorí náà ìdí mónò làwọn Beatles fúnra wọn jókòó sí. Wọ́n fi sítẹ́ríò sílẹ̀ fún George Martin àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ẹ gbọ́ She's Leaving Home nínú méjèèjì: ti mónò yára jù, ohùn rẹ̀ sì ga jù. Àmọ́ nínú àwo funfun ọdún 1968, igbe tí Ringo ké níparí Helter Skelter pé ìka òun ti lé ròrò, inú sítẹ́ríò nìkan ló wà. Ẹni tó ra mónò ò gbọ́ ọ.

Ẹ wá wo Brian Wilson ti Beach Boys ní Amẹ́ríkà. Etí ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ràn, mónò ló fi parí Pet Sounds lọ́dún 1966. Ilé iṣẹ́ tó ń tà á fi ẹ̀rọ ya ohùn kíkẹ́ sí apá kan, ohùn kíkẹ̀ sí apá kejì, wọ́n pè é ní Duophonic. Ayédèrú sítẹ́ríò pọ́nbélé! Ọdún 1997 ni ojúlówó tó jáde. Bí ẹ bá rí Duophonic lára páálí, ẹ dá a padà.

Kì í ṣe gbogbo mónò ló yẹ ká náwó lé o. Mónò Yellow Submarine tí wọ́n tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1969, sítẹ́ríò ni wọ́n kàn pò pọ̀. Abbey Road ọdún yẹn kan náà ò sì ní mónò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìgbà tí Paul McCartney fi máa wá sí Àpápá níbí lọ́dún 1973 láti gba Band on the Run sílẹ̀, sítẹ́ríò ti gbòde.

Tèmi ni pé kí ẹ ra mónò títí dé Sgt. Pepper's, kí ẹ ra sítẹ́ríò láti ibẹ̀ lọ. Wọ́n tún àwọn mónò Beatles tẹ̀ sórí CD lọ́dún 2009, sórí àwo dúdú lọ́dún 2014, ẹ ò ní láti fi owó ilé ra èyí tó ti ha. Ẹ kíyè sí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yín pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ sítẹ́ríò lè ka àwo mónò, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ mónò àtijọ́ lè ba àwo sítẹ́ríò jẹ́, torí kò lè lọ sókè sódò bí ojú ilà rẹ̀ ṣe ń lọ.